Ẹni Tó Mọ Òpin Eré Kí Eré Tó Bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá lóṣù yìí, mo sì fẹ́ kí a fi sùúrù yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ó kéré lójú ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́wọ́. Bí ẹni méjì bá ń ṣeré, tí ọ̀kan nínú wọn sì ti mọ bí eré náà yóò ṣe parí kí ọwọ́ tó kan ohun ìṣeré, ǹjẹ́ eré ni wọ́n jọ ń ṣe? Bí ó bá sì gba owó lọ́wọ́ ẹnì kejì lórí eré náà, kí ni orúkọ irú owó bẹ́ẹ̀?

Kí ìbéèrè náà má baà dà bí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí a fi eré gan-an ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ gbé ọpọ́n ayò wá, irú èyí tí àwọn bàbá wa máa ń tẹ́ síwájú ilé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ní Ìpogun, ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó. Ọmọ ayò 48 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò 12. Ẹ má tíì ta ayò o. Ẹ ka ọmọ ayò 21 jáde, kí ẹ kó wọn jọ lójú kan. Ẹni méjì yóò máa mú nínú rẹ̀, bí ti èyí bá tán kó kan tọ̀hún. Ẹni tó bá kàn lè mú 1, ó lè mú 2, ó lè mú 3. Kò gbọdọ̀ mú ju 3 lọ, kò sì gbọdọ̀ sọ pé òun kò mú. Ẹni tó bá mú èyí tó gbẹ̀yìn ló borí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣe é.

Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò máa mú bó ṣe wù ú. Bí ó bá borí, yóò ní orí òun ló ṣe é. Bí wọ́n bá borí rẹ̀, yóò ní ọjọ́ náà ni kò gbè òun. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí oríire tàbí orí burúkú kankan nínú eré yìí. Kò sí ohun tí a fi pamọ́, kò sí dáìsì tí a ń jù, gbogbo ọmọ ayò wà ní gbangba. Ẹ wò ó láti ẹ̀yìn wá. Bí ó bá ku 4 nílẹ̀, tó sì kan ọ̀rẹ́ rẹ, ó ti tán fún un: bí ó bá mú 1, wàá kó 3, bí ó bá mú 2, wàá kó 2, bí ó bá mú 3, wàá mú 1 tó kù. Nítorí náà, ẹni tó bá ti fi 4 sílẹ̀ fún ẹnì kejì ti borí. Báwo ni yóò ṣe rí i pé 4 ló kù? Kí ó ti kọ́kọ́ fi 8 sílẹ̀ fún un. Kí ó tó kan 8, kí ó ti fi 12 sílẹ̀. Ṣáájú 12, kí ó jẹ́ 16. Ṣáájú 16, kí ó jẹ́ 20. Ohun tó kàn ń ṣe ni pé iye tí ẹnì kejì bá mú, òun á mú èyí tí yóò sọ ọ́ di 4. A kó 21 sílẹ̀, àbí? Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú, tó mú 1 péré, tó fi 20 sílẹ̀, eré ti parí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyókù kàn jẹ́ kí àwọn òǹwòran rí nǹkan wò ni.

Ẹ wá wo ohun tó bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀. Bí ọmọ ayò bá jẹ́ 21, ẹni tó mọ àṣírí yóò sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀." Bí ó bá jẹ́ 20 ńkọ́? Yóò tẹ̀ ba, yóò ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ jù mí lọ, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ mú." Àwọn tó dúró yóò máa yìn ín pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Wọn kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé yẹn gan-an ló fi gbẹ́ kòtò tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ jìn sí. Kò purọ́. Kò jí ọmọ ayò kankan. Kò rú òfin eré. Bí a bá pe ìmáàmù pé kí ó wá dá ẹjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọ yìí sọ tí a lè pè ní irọ́. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé nǹkan kan ti wọ́ níbẹ̀. Kí ni nǹkan náà?

Kì í ṣe èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àṣírí irú eré yìí. Ní 1901, Charles Bouton, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ọ̀kan nínú wọn, ó sì sọ ọ́ ní Nim. Nínú tirẹ̀, òkìtì ló pọ̀: ẹni tó bá kàn yóò yan òkìtì kan, yóò sì mú iye tó bá wù ú nínú rẹ̀, ó tilẹ̀ lè kó gbogbo rẹ̀. Bouton fi hàn pé a lè mọ òpin èyí náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí á pín òkìtì kọ̀ọ̀kan sí 1, 2, 4, 8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó ṣáájú rẹ̀, láìlo iye kan lẹ́ẹ̀mejì nínú òkìtì kan náà. Ká ní òkìtì mẹ́ta ni, 3, 4 àti 5. Nínú 3 a rí 2 àti 1. 4 dúró bí 4. Nínú 5 a rí 4 àti 1. Nínú gbogbo wọn, 4 ní èkejì, 1 náà ní èkejì, ṣùgbọ́n 2 dá wà. Ẹni tó kàn yóò yọ 2 yẹn kúrò nínú òkìtì 3. Yóò ku 1, 4 àti 5, ohun gbogbo á ti ní èkejì, eré á sì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kàn. Ẹ fi ọmọ ayò dán an wò nílé, ẹ ó rí i.

Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ẹ̀rọ láti máa ta á. Ní 1940, níbi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní New York, ilé-iṣẹ́ Westinghouse gbé ọ̀kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Nimatron. Edward Condon, onímọ̀ físíìsì, ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn èrò ta á tó nǹkan bí 100,000 ìgbà, ẹ̀rọ náà sì borí nínú bíi 90,000. Ohun méjì ló jẹ mí lógún nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ẹ̀rọ náà kò nílò àkókò láti ronú, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó máa dúró díẹ̀ kí ó tó dáhùn, kí ojú má baà ti àwọn èèyàn. Èkejì ni pé púpọ̀ nínú ìgbà tí wọ́n borí rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó dúró tì í ló ṣe é, láti fi han àwọn tí kò gbà gbọ́ pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta lè borí rẹ̀. Èkejì yìí wù mí púpọ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni: ẹni tó ni àṣírí ń fi han ẹni tí kò ní in pé ọ̀nà wà. Èkíní kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí. Ẹ̀rọ tó ń díbọ́n pé òun ń ronú ń ṣàánú wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí a rò pé ẹgbẹ́ ni wá. Ní 1951, ilé-iṣẹ́ Ferranti kọ́ irú rẹ̀ mìíràn, Nimrod, fún ìpàtẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Berlin, ó gbo ewúro sí Ludwig Erhard lójú, ẹni tó jẹ́ mínísítà ètò ọrọ̀ ajé ní Jámánì nígbà náà, tó sì wá di olórí ìjọba ibẹ̀ ní 1963.

Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí ayò wa. Nínú ayò títa, ọ̀ta wà, ọ̀pẹ sì wà. Ọ̀ta ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, ọ̀pẹ ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀ta bá pa ọ̀pẹ léraléra títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó rẹ́ ẹ jẹ. Èé ṣe? Nítorí pé ọ̀ta kì í fi ọ̀ta rẹ̀ pamọ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ á máa fi í ṣe fáàrí, á máa pe ẹnì kejì ní ọ̀pẹ lójú rẹ̀, àwọn òǹwòran á máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá jókòó tì í mọ ẹni tí òun jókòó tì. Ìmọ̀ ọ̀ta dà bí agbádá, ó wọ̀ ọ́ sọ́rùn, ojú gbogbo ayé ló rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ àṣírí 4 gbé ìmọ̀ tirẹ̀ sí abẹ́ aṣọ, ó sì jókòó bí ọ̀pẹ láàárín àwọn ọ̀pẹ. Kì í ṣe ìmọ̀ rẹ̀ ló burú. Ìjókòó rẹ̀ ni.

Àwọn kan nínú yín ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò le tó bẹ́ẹ̀, pé tẹ́tẹ́ ni, tẹ́tẹ́ sì jẹ́ hàráàmù, ọ̀rọ̀ tán. Lóòótọ́, Súrátù Màídà, ní àyà 90, ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí, kò sì sí Mùsùlùmí tí yóò jiyàn sí i. Lórí eré tí kò sí owó nínú rẹ̀, àwọn onímọ̀ òfin ìgbà àtijọ́ ya èyí tó dúró lórí dáìsì sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó dúró lórí ìrònú bíi ṣẹ́ẹ̀sì. Àwọn tó ń tẹ̀ lé Ìmáàmù Ṣáfíì sábà máa ń fi ojú rere díẹ̀ wo ṣẹ́ẹ̀sì bí kò bá dí ìrun lọ́wọ́. Àwọn ará Màlíkì, tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé níhìn-ín, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò fẹ́ dúró lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé bí owó bá wọ eré ọmọ ayò 21, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló ń ta á, nítorí ó rò pé ó lè bọ́ sí i, ó lè má bọ́ sí i. Ẹni tó mọ̀ kò ta tẹ́tẹ́ rárá. Ó ń kó owó tó ti rí tẹ́lẹ̀ ni. Orúkọ tí èyí ń jẹ́ burú ju tẹ́tẹ́ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń sáré lọ sí ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ẹni tó ni ilé náà ń ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú wọn. Ó ti ṣírò iye owó tí yóò san fún ẹni tó bá jẹ, ó sì ti yọ èrè tirẹ̀ sílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò ní àárín pápá.

Ẹ̀sìn wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sídìí eré. A gbọ́ bí Ànábì wa (S.A.W.) ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì kan omi nísàlẹ̀. Ọlọ́jà náà ní òjò ló pa á. Ohun tí Ànábì bi í ni pé èé ṣe tí kò fi gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i. Ọkùnrin náà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn tò ó bí ó ṣe wù ú ni. Èyí tó tún bá ọ̀rọ̀ wa mu jù ni pé Ànábì kọ̀ fún àwọn ará ìlú láti lọ pàdé àwọn oníṣòwò tó ń kẹ́rù bọ̀ lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ọjà. Ará ìlú mọ iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Ẹni tó ń bọ̀ kò mọ̀. Bí wọ́n bá sì ti ra á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ̀tọ́ wà fún un láti yí ọ̀rọ̀ padà nígbà tó bá dé ọjà tó rí ohun tó ń lọ. Ẹ wo bí ìdájọ́ náà ṣe rí: kò sọ pé ará ìlú má mọ iye ọjà, kò sọ pé kó má jèrè. Ohun tó kọ̀ ni pé kó sáré lọ bá ẹni tí kò mọ̀ níbi tí ìmọ̀ kò tíì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí a bá ń sọ èyí ní Ìpogun, kò ṣòro láti yé wa. Ilẹ̀ kòkó ni ilẹ̀ wa. Títí di 1986, ìjọba ló ń tipasẹ̀ àjọ tó ń bójú tó kòkó kéde iye tí wọn yóò ra á. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye náà máa ń kéré, gbogbo ayé ló gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fòpin sí àjọ náà, àárín àgbẹ̀ àti ẹni tó ń ra kòkó ni ọ̀rọ̀ kù sí. Lọ́ńdọ̀nù àti New York ni wọ́n sì ti ń dá iye rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tọ́ọ̀nù kan jẹ́ nǹkan bí 2,600 dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá 2024, ó ti ju 12,000 lọ ní New York. Ó sì tún já wálẹ̀ gan-an nínú ọdún 2025. Ẹ wá fojú inú wo ìyá àgbà kan tó sá kòkó rẹ̀ síwájú ilé, àti ọmọkùnrin kan tó gbé ọ̀kadà dé, tó ti wo iye òwúrọ̀ ọjọ́ náà lórí fóònù rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, ó wá ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ dá iye tí ẹ fẹ́ tà á." Ẹ̀yin òǹkàwé, ta ló kọ́kọ́ mú níbẹ̀? Ọmọ ayò mélòó ló wà nílẹ̀?

Mo mọ ohun tí oníṣòwò yóò fi dá mi lóhùn. Yóò ní òun ra fóònù, òun ra dátà, òun da epo sí ọ̀kadà, òun sì máa gbé ewu bí iye bá já kí òun tó tà á. Òtítọ́ ni. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Dókítà ń gbowó ìmọ̀ rẹ̀, mẹkáníìkì náà ń gbowó tirẹ̀, wọn kò sì rẹ́ wa jẹ bí wọ́n bá gba èyí tó yẹ. Ṣùgbọ́n dókítà so pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó mọ̀ ju mí lọ, èmi náà mọ̀ pé ó mọ̀ jù mí lọ, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wá. Owó tí oníṣòwò bá jẹ lórí epo, lórí wàhálà, lórí ewu, ó ní ìdí. Èyí tó jẹ́ pé àìmọ̀ ìyá àgbà nìkan ni ìdí rẹ̀, tí yóò fò lọ lójú ẹsẹ̀ bí ẹnì kan bá sọ iye òwúrọ̀ yẹn sí ìyá létí, kí ni a fẹ́ pe ìyẹn? Àwọn onímọ̀ òfin wa kò fi í sílẹ̀ láìní orúkọ: wọ́n ń pe irẹ́jẹ inú iye ọjà ní gábínì, èyí tó bá pọ̀ lápọ̀jù nínú rẹ̀ sì lè jẹ́ ìdí láti tú ọjà náà ká.

Ìdákẹ́jẹ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀ burú o. Olùkọ́ ìṣirò lè kó òkúta wẹ́wẹ́ 21 síwájú àwọn ọmọ kíláàsì, kó máa borí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kó má sọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ti gba ohun tó dùn jù lọ lẹ́nu wọn, ìyẹn ìgbà tí ọmọ kan á dédé pariwo pé, "Tíṣà, mo ti rí i! Mẹ́rin ni!" Ìdákẹ́jẹ́ olùkọ́ àti ìdákẹ́jẹ́ ẹlẹ́tàn jọ ara wọn lójú bí ìbejì. Báwo ni a ó ṣe dá wọn mọ̀? Ọ̀nà kan wà tí mo rí, kò sì gba ìwé púpọ̀. Kí ẹni tó mọ̀ bi ara rẹ̀ pé, "Bí ẹni tó jókòó níwájú mi bá mọ ohun tí mo mọ̀ ní ìṣẹ́jú yìí, ṣé inú mi yóò dùn ni àbí àyà mi yóò já?" Inú olùkọ́ yóò dùn. Ọ̀ta ayò pàápàá, inú rẹ̀ yóò dùn, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tí yóò ta á tó dùn. Àyà ọmọ ọlọ́kadà yóò já. Àyà ẹni tó ní kí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ mú nínú ọmọ ayò 20 yóò já.

Ẹnì kan sọ fún mi pé bí a bá ń fi gbogbo àṣírí han ara wa báyìí, eré yóò kú. Eré ọmọ ayò 21 yóò kú lóòótọ́. Ọmọ méjì tó ti mọ ìdí rẹ̀ kò ní ìjà mìíràn ju ti ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọn á ní kí á lè mú tó 4, àṣírí á sì di 5. Wọn á ní ẹni tó bá mú èyí tó gbẹ̀yìn ni kó pàdánù. Wọn á pín in sí òkìtì. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní yunifásítì kan ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yẹ awari wò, eré tó jẹ́ ọmọ ìyá ayò wa, gbogbo ipò 889,063,398,406 tó lè wà nínú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣì í ta rárá, ọ̀mì ni wọn yóò ta. Wọn kò fi í pamọ́, wọ́n kéde rẹ̀ fáyé gbọ́. Ayò kò tìtorí rẹ̀ kú. Orí èèyàn kan kò lè gba gbogbo ipò yẹn, nítorí náà ọ̀ta ṣì ń jẹ́ ọ̀ta, ọ̀pẹ ṣì ń jẹ́ ọ̀pẹ.

Kí a tó pàdé lóṣù tó ń bọ̀, in-ṣáà-Àlláhù, ẹ to òkìtì mẹ́rin sílẹ̀: 1, 3, 5 àti 7. Òfin Bouton ni kí ẹ lò: òkìtì kan lẹ́ẹ̀kan, iye tó bá wù yín, ẹni tó bá mú èyí tó gbẹ̀yìn ló borí. Bí ẹnì kan bá sì tẹ̀ ba fún yín pé ẹ̀yin àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, ẹ rọra pín òkìtì kọ̀ọ̀kan sí 1, 2 àti 4 kí ẹ tó dá a lóhùn.